Isu Tó Di Sítẹ́rọ́ìdì

Bí a bá dárúkọ sítẹ́rọ́ìdì, eléré ìdárayá tó lo màgòmágó ni ó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ Ben Johnson, ọmọ Kánádà, wà lára ohun tó fà á. Ó sáré 100 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 9.79 ní ìlú Seoul ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1988, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n gba góòlù lọ́wọ́ rẹ̀, torí wọ́n bá stanozolol nínú ìtọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ ìdílé ni sítẹ́rọ́ìdì jẹ́. Ọmọ ilé náà pọ̀, ìwà wọn kò sì dọ́gba. Ara wa gan-an ń ṣe é: èyí tó ń sọ ọmọkùnrin di géńdé, èyí tó ń gbé oyún ró, àti èyí tó ń wá láti ẹ̀yà ara kékeré orí kíndìnrín.

Láyé ọjọ́un, ara ẹran ni wọ́n ti ń fà á yọ, owó rẹ̀ sì ga. Progesterone tó ń gbé oyún ró tó nǹkan bí 80 dọ́là fún gíráàmù kan. Ní 1942, Russell Marker, onímọ̀ kẹ́místìrì ará Amẹ́ríkà, gba Veracruz lọ ní Mẹ́síkò, ó ń wá isu igbó kan. Ilé-iṣẹ́ oògùn tó fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ kò dá a lóhùn. Kò wò wọ́n lójú. Ní 1943 ó fi isu náà ṣe progesterone tó tó kílò mẹ́ta. Ní 1944, òun àti àwọn méjì dá ilé-iṣẹ́ Syntex sílẹ̀, àmọ́ ìjà owó lé e jáde níbẹ̀ ní 1945. Owó oògùn náà sì wálẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ní Sẹ̀tẹ́ńbà 1948, ní Rochester ní ìpínlẹ̀ Minnesota, Dókítà Philip Hench fún obìnrin ẹni ọdún 29 kan ní cortisone. Làkúrègbé ti dá a gúnlẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó dìde, ó ń rìn! Hench àti àwọn méjì mìíràn gba ẹ̀bùn Nobel ní 1950. Òróòro màlúù ni wọ́n fi ṣe cortisone ìgbà náà, ṣùgbọ́n ní 1951 àwọn ará Syntex fi isu ṣe é.

Ẹ má rò pé ó tán síbẹ̀ o. Ẹni tó bá lò ó pẹ́, ojú rẹ̀ lè wú, egungun rẹ̀ lè di ẹlẹgẹ́, ìfúnpá rẹ̀ lè ga. Ẹ̀yà orí kíndìnrín náà yóò sì sùn lọ, nítorí ẹlòmíràn ti ń bá a ṣiṣẹ́. Bí aláìsàn bá wá dá oògùn dúró lójijì, ara kò ní rí èyí tí yóò lò, ó lè dákú, ó tilẹ̀ lè kú. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà máa ń dín in kù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ìpara ìbóra lọ́jà, ẹ gbọ́ o: sítẹ́rọ́ìdì líle wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó sì ń sọ awọ ara di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Oògùn tó gbé arọ dìde kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí dókítà wọ̀n ọ́n fún yín.