Edith Rogers àti àwọn obìnrin tí wọ́n ní kì í ṣe sójà

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìtàn á rántí pé bí ọ̀rọ̀ àwọn sójà tó fẹ̀yìn tì ní Amẹ́ríkà bá délẹ̀, Edith Nourse Rogers ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ọkọ rẹ̀ ló ń ṣe aṣòfin fún Massachusetts. Nígbà tó kú ní 1925, wọ́n dìbò yan ìyàwó, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1960.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ ní ilé ìwòsàn Walter Reed. Nínú ogun yẹn, obìnrin tó lé ní 200 lọ bá àwọn ọmọ ogun so tẹlifóònù ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n búra, wọ́n wọ aṣọ ológun. Ogun parí, ìjọba ní òṣìṣẹ́ lásán ni wọ́n. Kò sí ẹ̀tọ́ sójà fún wọn!

Rogers ò fẹ́ kí irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀. Ní 1941, kí Amẹ́ríkà tó wọ ogun kejì rárá, ó gbé àbádòfin kalẹ̀ fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun obìnrin. Àwọn ọ̀gá ológun ní olùrànlọ́wọ́ nìkan ni àwọn lè gbà. Ó gbà bẹ́ẹ̀, n ò sì rí ẹ̀bi ẹ̀: òfin jáde ní 1942, nígbà tó fi di 1943, wọ́n ti di sójà gidi. Nítorí náà, nígbà tí òfin GI Bill dé ní 1944, èyí tí Rogers náà bá wọn ṣe, owó ilé-ìwé àti ẹ̀yáwó ilé kan àwọn náà.

Àwọn onítẹlifóònù ńkọ́? Ó di 1977 kí ìjọba tó gbà pé sójà ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kú.