Àkókò Oúnjẹ Òṣìṣẹ́: Bí Ó Ti Ṣe Di Òfin

Àwọn baba wa ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé lóko àti lókè òkun, ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti di òfin ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí púpọ̀ nínú wa ni ó ń gba owó iṣẹ́ ní wákàtí-wákàtí, púpọ̀ sì ni ọ̀gá fún ẹlòmíràn.

Ní ọdún 1832, ìgbìmọ̀ tí Michael Sadler jẹ́ alága rẹ̀ ní Ilé Aṣòfin gbọ́ ẹ̀rí àwọn tí ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ láti kékeré. Àwọn kan jẹ́rìí pé bí wọ́n ti ń jẹun ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, nítorí ẹ̀rọ kì í dúró. Ní ọdún 1833 ni òfin jáde pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 12 lójúmọ́ ní ilé ìhunṣọ, kí a sì yọ̀ǹda wákàtí kan àbọ̀ fún un láti jẹun. A yan alábẹ̀wò mẹ́rin láti máa ṣọ́ òfin náà.

Ṣùgbọ́n bí òfin ti wà ni àrékérekè wà. Àwọn ọ̀gá kan a máa ti ọwọ́ agogo síwájú ní òwúrọ̀, wọn a sì fà á sẹ́yìn ní ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà ni òfin ọdún 1844 ṣe pàṣẹ pé agogo ìta gbangba ni kí a máa fi ka wákàtí iṣẹ́. Ó mú àwọn obìnrin wọ abẹ́ ààbò rẹ̀, ó sì kọ̀ pé kí wọ́n wà ní yàrá tí iṣẹ́ ti ń lọ ní àkókò oúnjẹ.

Kí ni ìṣẹ́jú díẹ̀ já mọ́? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí ọmọ iléèwé. Bí ọ̀gá bá jí ìṣẹ́jú 5 lójúmọ́, ní 300 ọjọ́ ó di wákàtí 25. Bí iṣẹ́ òòjọ́ bá jẹ́ wákàtí 10, ọjọ́ méjì àbọ̀ ni òṣìṣẹ́ náà fi sìn ín lọ́fẹ̀ẹ́.

Ní Nàìjíríà, òfin iṣẹ́ ọdún 1974 wí pé ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lójúmọ́ yẹ kí ó ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Ní Ìlú Ọba, òfin ọdún 1998 fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ju wákàtí 6 lọ ní ìṣẹ́jú 20.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ máa kọ wákàtí yín sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní alágbàṣe àti ọmọṣẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹun, kí ẹ sì san owó wọn pé. Kí ìlú wa má ṣe di ibi tí a ti ń fi agogo rẹ́ni jẹ.