Bí ṣíìtì ṣe di àká: láti VisiCalc dé Excel ọlọ́jà kékeré

Ìtàn tòní kò ní ọba, kò ní ogun. Ìtàn ṣíìtì ni, ṣíìtì alápòótí yẹn tó wà lórí fóònù yín, ì báà jẹ́ Excel tàbí Google Sheets, èyí tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ máa ń fi ránṣẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú pé ‘jọ̀ọ́, bá mi wò ó’. Mo fẹ́ sọ ibi tó ti wá, àti bó ṣe di pé ẹni tó ń ta bàtà lórí Instagram lè fi kọ́ ohun tí ilé-ìfowópamọ́ ńlá ń ná òbítíbitì owó lé lórí: ilé ìkẹ́rùsí dátà.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lójú pátákó ìkọ̀wé. Ní 1978, Dan Bricklin jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ òwò Harvard ní Amẹ́ríkà. Olùkọ́ á ya ìlà sójú pátákó, lóòró àti ní ìbú, á sì máa kọ iye sínú àpótí kọ̀ọ̀kan: owó tó wọlé, owó tó jáde, èrè tó kù. Bí iye kan bá yí padà, gbogbo iye tó gbára lé e ni olùkọ́ á pa rẹ́, á tún ṣírò, á tún kọ. Bricklin ti fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ kó tó wọ Harvard, ó sì bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí pátákó yìí kò lè tún ara rẹ̀ ṣírò.

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Bob Frankston, ló gbé e jáde. Bricklin ló fi bí yóò ṣe rí lélẹ̀, Frankston ló jókòó ti kóòdù. VisiCalc ni wọ́n pè é, ó sì dé ọjà ní 1979 fún kọ̀ǹpútà Apple II. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: àwọn oníṣirò owó tí kò ka kọ̀ǹpútà sí tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra Apple II torí kí wọ́n lè lo VisiCalc. Wọ́n ń ra ẹ̀rọ tó ju dọ́là 1,000 lọ nítorí ètò tí kò ju nǹkan bíi dọ́là 100. Títí di ìgbà yẹn, ohun ìṣeré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka kọ̀ǹpútà orí tábìlì sí. Lójú tèmi, ṣíìtì ló sọ ọ́ di irinṣẹ́.

Bricklin kò gba ìwé àṣẹ olùdásílẹ̀ lórí rẹ̀ o. Lásìkò yẹn, ó ṣòro gan-an ní Amẹ́ríkà láti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí ètò kọ̀ǹpútà, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ kàn ń ṣe é ni. Lotus 1-2-3 tí Mitch Kapor àti Jonathan Sachs ṣe jáde ní 1983 fún kọ̀ǹpútà IBM, ó sì gba ọjà mọ́ VisiCalc lọ́wọ́ kíákíá. Ní 1985, Lotus ra Software Arts, ilé-iṣẹ́ Bricklin àti Frankston. Ọdún yẹn kan náà ni Microsoft gbé Excel jáde, kì í sì í ṣe orí Windows ló ti kọ́kọ́ jáde, orí Macintosh ti Apple ni. Ti Windows dé ní 1987. Ìyókù, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Kí n tó tẹ̀síwájú, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ṣíìtì kan tí kò nílò kọ̀ǹpútà rárá, tó sì wà lọ́jà wa. Kádì alájọ. Ìyá yín lè ní ọ̀kan nínú àpamọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Àpótí kan fún ọjọ́ kan. Bí alájọ bá ti gba owó tán, á fi bírò sàmì sí i, nígbà tí oṣù bá sì parí, á yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ kíyè sí ohun kan: alájọ kì í pa àmì oṣù tó kọjá rẹ́ kó tó lè rí àyè kọ ti oṣù tuntun. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tí àwọn oníṣíìtì ń bá ara wọn du ọjà, ìṣòro mìíràn wà nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá. Kọ̀ǹpútà wọn mọ bí a ṣe ń gba owó, bí a ṣe ń kọ rìsíìtì, bí a ṣe ń yọ ọjà kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá béèrè pé ‘èló la tà ní ìlú yìí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn?’, wàhálà dé. Ẹ̀rọ tó ń tajà kò lè tètè dáhùn, torí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ ohun tó wà nílẹ̀ báyìí, kì í ṣe ohun tó wà nílẹ̀ níjọ́sí. Ó dà bí ọmọ ìsọ̀ tí oníbàárà márùn-ún dúró dè, tí ìyá ọlọ́jà wá ń bi í léèrè nípa ìwé àkọsílẹ̀ ọdún tó kọjá.

Ní 1988, Barry Devlin àti Paul Murphy, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ IBM, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìmọ̀ ilé-iṣẹ́ náà, IBM Systems Journal. Ètò tí IBM ń lò fún Yúróòpù, Middle East àti Áfíríkà ni wọ́n ṣàlàyé, wọ́n sì lo orúkọ tó wá gbilẹ̀ lẹ́yìn náà: ilé ìkẹ́rùsí dátà fún òwò. Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ wọn ni pé ibi tí a ti ń tajà yàtọ̀ sí ibi tí a ti ń béèrè ọ̀rọ̀, kí a má ṣe pa méjèèjì pọ̀. Ní 1992, Bill Inmon fi odindi ìwé kan ṣàlàyé rẹ̀. Ó ní dátà inú ilé yìí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a kó jọ yí ohun kan ká, bí oníbàárà tàbí ọjà; èyí tí a ti mú bá ara mu, kí orúkọ kan má ṣe ní ọ̀nà mẹ́ta tí a ń gbà kọ ọ́; èyí tó ní déètì; èyí tí a kì í sì í pa rẹ́. Ẹ rí alájọ wa bí?

Èmi a máa pè é ní àká. Àgbẹ̀ tó kórè kì í jẹ gbogbo àgbàdo rẹ̀ tán lóko. Ó ń kó o sí àká kó lè rí i jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ralph Kimball dé pẹ̀lú ìwé tirẹ̀ ní 1996, ibí yìí ni mo sì ti fẹ́ dúró díẹ̀. Inmon fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ kọ́ àká ńlá kan tí gbogbo ẹ̀ka yóò máa bù láti inú rẹ̀. Kimball ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ kan ṣoṣo, bíi títa ọjà, kí a ṣe é tán, ká tó fi òmíràn kún un. Ó pín dátà sí oríṣi méjì. Èkíní ni ìṣẹ̀lẹ̀ tó ní iye: a ta bàtà méjì, ní iye báyìí, lọ́jọ́ báyìí. Èkejì ni àlàyé: ta ló rà á, irú bàtà wo ni, ìlú wo ló ń gbé. Ìṣẹ̀lẹ̀ wà láàárín, àwọn àlàyé yí i ká bí ìtànṣán ṣe yí ìràwọ̀ ká. Àwọn onímọ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jiyàn lórí èyí tó dára jù nínú ọ̀nà méjèèjì. Fún ẹni tí owó àti àyè rẹ̀ kéré, n kò rí ohun tí a ń jiyàn lé lórí: ti Kimball ni.

Báwo wá ni àká yìí ṣe wọ inú Excel? Díẹ̀díẹ̀ ni. Excel 5 tó jáde ní 1993 ló gbé PivotTable wá, irinṣẹ́ tó ń gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà, tó ń tò wọ́n sí oṣù àti irú ọjà láìjẹ́ pé ẹ kọ fọ́múlà kankan. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlà 65,536 péré ni ṣíìtì Excel kan lè gbà. Excel 2007 gbé e dé 1,048,576. Google ti gbé ṣíìtì tirẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2006. Power Pivot dé ní 2010, ó jẹ́ kí ṣíìtì ìṣẹ̀lẹ̀ àti ṣíìtì àlàyé so pọ̀ bí Kimball ṣe wí, Power Query sì tẹ̀lé e ní 2013 láti máa kó fáìlì jọ, kó sì máa tún inú wọn ṣe. Irinṣẹ́ ti pé. Ohun tó kù ni kí ọlọ́jà mọ̀ pé òun nílò àká.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ta bàtà ní Yaba. Nígbà tó fi ìwé òwò rẹ̀ hàn mí, fáìlì mẹ́rìnlá ló ní: ‘January’, ‘January tuntun’, ‘Feb’, ‘Feb èyí tó dájú’. Oníbàárà kan náà ń jẹ́ Mama Tolu níbìkan, Iya Tolu níbòmíràn, nọ́ńbà fóònù lásán níbì kẹta. Gbogbo ohun tó tà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìbéèrè kan tí fáìlì wọ̀nyẹn lè dáhùn. Ó sì ní ìbéèrè tó ká a lára: ṣé kó tún lọ kó irú bàtà kan báyìí wá láti Aba lọ́pọ̀? Owó ilé rẹ̀ ló fẹ́ fi rà á.

Ṣíìtì mẹ́ta la ṣe fún un. Ti títà ni àkọ́kọ́, ìlà kan fún ọjà kan tí a tà. Kò sí ìlà òfìfo láàárín, kò sí àpótí méjì tí a so pọ̀ di ọ̀kan, kò sí àròpọ̀ nísàlẹ̀. Déètì ní òpó tirẹ̀, iye ní òpó tirẹ̀. Èkejì, ti ọjà: nọ́ńbà rẹ̀, irú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ti oníbàárà, kálukú pẹ̀lú nọ́ńbà kan tí kì í yí padà, ì báà jẹ́ Mama tàbí Iya. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú ewé kan wà fún PivotTable, níbi tí a kì í fọwọ́ tẹ nǹkankan sí. Fáìlì oṣooṣù kò sí mọ́, oṣù ti di òpó. Ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà á kó tó kó gbogbo ti ọdún méjì wọlé, orúkọ àwọn ènìyàn ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tó tò ó tán, ó rí i pé bàtà yẹn ń tà lóòótọ́, àmọ́ oníbàárà mẹ́fà péré ló ń rà á, méjì nínú wọn sì jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ìdajì iye tó ní lọ́kàn ló rà.

Ibi tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni iye ọjà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ iye bàtà sínú ṣíìtì ọjà, wọ́n á wá fi fọ́múlà fà á wá sínú ṣíìtì títà. Ó dára, títí iye yóò fi yí padà. Ẹ rántí oṣù kẹfà 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà jọ̀wọ́ náírà, tí dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi náírà 460 lọ́jà ìjọba fi kọjá 700 kí oṣù náà tó parí. Ọlọ́jà tó bá lọ yí iye padà nínú ṣíìtì ọjà lásìkò yẹn ti yí gbogbo títà 2022 padà láìmọ̀. Ká ní ó ta bàtà kan ní náírà 8,000 nígbà náà, 14,000 ni ìwé yóò máa kà báyìí. Èrè tí kò jẹ rí yóò yọ sí i lójú, yóò sì lọ náwó lé e lórí. Kimball ti ronú sí irú èyí: ó ní kí a má pa ti àtijọ́ rẹ́, kí a kọ ìlà tuntun pẹ̀lú déètì tó bẹ̀rẹ̀. Fún ọlọ́jà kékeré, èyí tó rọrùn jù ni kó kọ iye owó tó gbà lọ́jọ́ náà gan-an sínú ìlà títà, kí fọ́múlà kankan má sì débẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín pé Excel ń gba gbogbo ẹrù. Ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà, Public Health England ń kó èsì àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí i sínú fáìlì Excel ti ayé àtijọ́, irú èyí tí kò lè gbà ju ìlà 65,536 lọ. Fáìlì kún, ìlà tó kù kò rí àyè wọlé, wọn kò sì tètè mọ̀. Láàárín ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án sí ọjọ́ 2 oṣù kẹwàá, èsì 15,841 tó fi hàn pé àrùn náà wà lára ènìyàn ni kò sí nínú iye tí wọ́n ń kéde lójoojúmọ́. Àwọn aláìsàn fúnra wọn gbọ́ èsì tiwọn. Àwọn tí wọ́n jọ jókòó, tí wọ́n jọ jẹun, ni a kò tètè wá kàn láti kìlọ̀ fún. Excel 2007 sì ti mú òdiwọ̀n yẹn kúrò láti ọdún mẹ́tàlá ṣáájú! Ọdún yẹn kan náà ni àwọn onímọ̀ nípa jíìnì yí orúkọ àwọn jíìnì kan padà, torí bí ènìyàn bá tẹ MARCH1 sínú Excel, á sọ ọ́ di ọjọ́ kìíní oṣù kẹta.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń kó fáìlì wọ àká yín, ẹ kọ déètì ní ọ̀nà kan ṣoṣo, ọdún ṣáájú, oṣù tẹ̀lé e, ọjọ́ kẹ́yìn, torí 03/04 lè jẹ́ oṣù kẹta, ó sì lè jẹ́ oṣù kẹrin. Ẹ ka iye ìlà tó wà nínú fáìlì tí ẹ ń kó, kí ẹ tún ka iye tó wọlé. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ẹ má tíì fi èsì kankan ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá sì ti ń tẹ nǹkan sínú ṣíìtì kan náà, tàbí tí ìlà ti ń sún mọ́ mílíọ̀nù, àsìkò ti tó láti kó lọ sí dátábéèsì gidi. Ṣíìtì mẹ́ta yẹn yóò wọ ibẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.