Bí wọ́n ṣe ń mọ iye ṣúgà inú ìrèké

Bí wọ́n bá ti gé ìrèké, ṣúgà inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ìdí nìyí tí gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń fún ìrèké fi gbọ́dọ̀ tètè mọ iye tó wà níbẹ̀.

Ọ̀nà kan ni ti Hermann von Fehling, ará Jámánì, ní 1849. Omi búlúù tó ní bàbà nínú ló ń lò. Ṣúgà ìrèké kì í mú un yí padà àfi bí wọ́n bá fi ásíìdì là á sí méjì. Wọ́n á wá pò ó mọ́ omi búlúù náà, wọ́n á sì gbé e kaná. Búlúù á pòórá, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa bíi bíríkì á sì wọ ìsàlẹ̀ ìgò. Èsì dé, ṣúgà lọ.

Jean-Baptiste Biot ti Faransé ti rí ọ̀nà mìíràn ṣáájú. Ní 1815, ó kíyè sí i pé àwọn nǹkan olómi bíi tápẹ́ńtáìnì máa ń yí ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ti mú kó máa gbọ̀n ní ìhà kan ṣoṣo. Ṣúgà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ló bí polarimeter, ẹ̀rọ tó ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe yí tó. Bí a bá po gíráàmù 26 ṣúgà tó mọ́ gaara sínú omi títí yóò fi kún mìlílítà 100, tí a sì wò ó nínú ọ̀pá gígùn mìlímítà 200, ẹ̀rọ á ka 100. Ìmọ́lẹ̀ kọjá, ṣúgà wà bó ṣe wà. Àjọ ICUMSA, tó ń ṣètò irú ìwọ̀n yìí káàkiri ayé, ti wà láti 1897.

Àmọ́ mi ò gbà pé ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ yìí kò ba nǹkan jẹ́ rárá. Omi ìrèké dúdú, ó sì dọ̀tí. Ìmọ́lẹ̀ kò lè là á já. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àsítéètì òjé ni wọ́n ń dà sí i kó lè tòrò. Májèlé ni òjé: ohun tí wọ́n bá ti fi í sí, kò ṣeé mu mọ́, ibi tí wọ́n á dà á sí sì di ìṣòro. Lójú tèmi, òṣìṣẹ́ tó ń fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rò. Ìmọ́lẹ̀ infrared, tí ojú kò rí, ló wá yanjú ìṣòro òjé náà, torí ó máa ń la omi dúdú kọjá láìlo òjé. Ní Australia, wọ́n ti ń tàn án sórí ìrèké tí wọ́n ti rún bó ṣe ń kọjá lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fún un, láìbu ìkankan sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò.