Ebi Kì Í Wọnú

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ni àwọn àgbà wí. Òwe náà kò sọ pé ẹni tí ebi ń pa kò gbọ́n, kò sì sọ pé kò nígbàgbọ́. Ohun tó ń sọ ni pé inú tí oúnjẹ ń wọ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ń wọ̀, oúnjẹ ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ débẹ̀. Ó yẹ kí oníwàásù rántí èyí kó tó gun àga ìwàásù.

Ní Hwolshe, nílẹ̀ àwọn Bẹ́rọ̀ọ̀mù ní Jọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé ọ̀wọ́n fún. Láti 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé ìrànwọ́ orí epo bẹtiróòlù ti dópin, epo tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó fi di oṣù kẹfà ọdún 2024, oúnjẹ ti fi ìdá 40 nínú 100 wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ìpínlẹ̀ Plateau, níbi tí Jọ́ọ̀sì wà, ló sì ń gbin ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ànàmọ́ òyìnbó tí Nàìjíríà ń jẹ! Àmọ́ ní ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì 2023, àwọn agbébọn ya bo àwọn abúlé ní Bokkos àti Barkin Ladi ní ìpínlẹ̀ náà, wọ́n pa ènìyàn tó ju 100 lọ. Ẹni tó sá fi oko sílẹ̀, kí ni yóò gbìn?

Ìwàásù tó wọ́pọ̀ jù lásìkò báyìí ni ti Jósẹ́fù, ẹni tó kó ìdá kan nínú márùn-ún irè oko pamọ́ fún ọdún méje. Ó dùn, ṣùgbọ́n Jẹ́nẹ́sísì orí 41 ni a sábà máa ń dúró sí. Ní orí 47, owó àwọn ènìyàn tán, wọ́n fi ẹran ọ̀sìn ra ọkà, wọ́n fi ilẹ̀ rà á, wọ́n sì ta ara wọn fún Fáráò. Ilẹ̀ àwọn àlùfáà nìkan ni kò bá a lọ, nítorí Fáráò ló ń bọ́ wọn. Mo bẹ ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ má fo ẹsẹ yẹn.

Nehemáyà ni èmi yóò gbé síwájú Jósẹ́fù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tó gbọ́ pé odi Jerúsálẹ́mù wó, ó gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n ní orí karùn-ún, nígbà tí àwọn ènìyàn ké pé àwọn ti fi oko dógò nítorí ọkà, tí ọmọ wọn sì ń di ẹrú, kò kéde ààwẹ̀ kankan. Inú bí i. Ó pe àwọn ọlọ́lá jọ, ó gbà pé òun àti àwọn arákùnrin òun náà yá àwọn ènìyàn lówó, ó sì ní kí wọ́n dá oko àti ilé padà lọ́jọ́ náà gan-an, pẹ̀lú èlé tí wọ́n ń gbà. Fún ọdún 12, kò jẹ oúnjẹ tó tọ́ sí i gẹ́gẹ́ bíi gómìnà, torí ẹrù àwọn ènìyàn ti wúwo.

Ọ̀rọ̀ oko gbígbà kò ṣàjèjì ní Jọ́ọ̀sì. Láyé òyìnbó amúnisìn, ìwakùsà tánganran gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ Bẹ́rọ̀ọ̀mù. Kòtò tó gbẹ́ sílẹ̀ ti di adágún tí àgbẹ̀ ń fà bomi rin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwa Yorùbá tí òwò àti rélùwéè kó débẹ̀, tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú wa, jẹ nínú ọrọ̀ ilẹ̀ náà, ó sì yẹ kí a ran àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́ nígbà ebi. Nígbà tí wòlíì Ágábù sọ tẹ́lẹ̀ pé ìyàn ń bọ̀, ìjọ Áńtíókù dá owó, olúkúlùkù bí agbára rẹ̀ ti mọ, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Jùdíà. Bákan náà lónìí, ìjọ tó ní ilẹ̀ tí kò tíì kọ́ nǹkan sí lè fi í fún àwọn tí ogun lé kúrò lóko kí wọ́n gbin àgbàdo, láìgba kọ́bọ̀. Ìjọ tó ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ lè yọ èlé kúrò lórí owó tí opó yá, kó má sì dúró de ìparí ọdún.