Ta Ló Fọn Fèrè Inú Àwo Yìí?

Ọ̀rọ̀ àwo jáàsì àtijọ́ la fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà ní Osi. Osi ti Èkìtì Kwara là ń wí o, kì í ṣe Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Àwọn èèyàn sábà máa ń fi ọ̀kan pe èkejì. Ìlú yìí ni Aréògún, ọ̀gá agbẹ́gilére, ti ṣiṣẹ́ títí tó fi kú ní 1954. Díẹ̀ nínú ilẹ̀kùn, òpó àti ère Ẹ̀pà tó gbẹ́ ti wà ní mùsíọ́mù lókè òkun. Ère Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún tí kò ní orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ pọ̀ jaburata. Ti Aréògún lórúkọ torí pé àwọn kan béèrè nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé. Ọ̀kan nínú wọn ni Fáda Kevin Carroll, tó wà lára àwọn tó dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì láti 1947 títí di 1954. Bándélé, ọmọ Aréògún, ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Òun ló sì kọ́ Lamidi Fakẹyẹ níṣẹ́. Carroll kọ ohun tó rí àtohun tó gbọ́ sínú ìwé kan tó jáde ní 1967.

Irú ìbéèrè yẹn làwa tí a ń kó àwo ń gbé kiri Osi àti Ìlọ́fà. Kì í ṣe "ta ló gbẹ́ ẹ?" mọ́, "ta ló fọn ọ́n?" ni.

Bí ẹ bá wọlé tọ bàbá àgbà kan ní Ìlọ́fà, tí ẹ ní, "Bàbá, ẹ kú ìsinmi, ṣé ẹ ní àwo jáàsì?" wọ́n á ní àwọn ò ní. Ohun tí wọ́n á gbé jáde ni Haruna Iṣọla, Ebenezer Obey àti I.K. Dairo, tí wọ́n bí sí Ọ̀fà níbí ní Kwara. Ẹ má tíì dìde. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀ àpótí. Ibẹ̀ ni àwọn àwo kékeré máa ń wà, àwọn tó ń yí ní ìgbà 45 láàárín ìṣẹ́jú kan: Bobby Benson, Victor Ọlaiya, Roy Chicago. Highlife lẹ máa kà lára wọn, ṣùgbọ́n ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé e. Nígbà tí olórin bá dákẹ́, tí ẹnìkan wá dìde pẹ̀lú fèrè, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tẹnu ẹ̀, jáàsì nìyẹn. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìyá ìlù rí kò nílò àlàyé púpọ̀: àwọn omele á di ilẹ̀ mú, ìyá ìlù á máa sọ̀rọ̀ lọ bó ṣe wù ú, ijó ò sì ní dàrú.

Àwọn kan rò pé a yá jáàsì lọ́wọ́ Amẹ́ríkà ni, ó parí. Ọ̀rọ̀ náà ò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, Fẹlá lọ sí London ní 1958, ó kọ́ orin ní Trinity College of Music, ó gbọ́ jáàsì yó, nígbà tó sì dé, highlife jazz ló pe ohun tí òun àti Koola Lobitos ń ṣe. Ṣùgbọ́n Randy Weston, atẹdùùrù ọmọ Amẹ́ríkà, ti wá sí Èkó ní 1961. Nínú àwo Highlife tó ṣe ní 1963, "Niger Mambo" ti Bobby Benson wà níbẹ̀. Babatunde Ọlatunji, ọmọ Ajido lẹ́bàá Badagry, gbé Drums of Passion jáde ní Amẹ́ríkà ní 1960. John Coltrane fẹ́ràn ọkùnrin yìí débi pé ó sọ orin kan ní "Tunji" ní 1962. Ní April 23, 1967, ó lọ ṣeré ní ilé àṣà tí Ọlatunji dá sílẹ̀ ní Harlem. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tó fi kú.

Ẹ wá wo No Agreement tí Fẹlá ṣe ní 1977. Lester Bowie ti Art Ensemble of Chicago, tó wá sí Èkó lọ́dún náà, wà níbẹ̀ tó ń fọn trumpet. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lórí fóònù, orúkọ Fẹlá nìkan lẹ sábà máa rí. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà là ń ṣe, a sì mọ ohun tó fà á. Àyè wà fún orúkọ orin, fún olórin, fún ọdún. Àyè afọnfèrè, bó bá tiẹ̀ wà, òfìfo ló máa ń wà. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe babaláwo. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò bá tẹ̀ sínú ẹ̀, kò lè sọ ọ́.

Bowie ò níṣòro, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Igo Chico náà, tó ń fọn sáksófóònù fún Fẹlá kí wọ́n tó pínyà, òkìkí Fẹlá ti gbé orúkọ tiẹ̀ jáde. Àwọn tó ń dùn wá ni àwọn tó fọn fèrè nínú àwo 45. Àwo ńlá ní ẹ̀yìn páálí tí wọ́n lè kọ̀wé sí. Ti 45, bébà róbótó àárín ẹ̀ nìkan ni: orúkọ orin, orúkọ ọ̀gá ẹgbẹ́, nọ́ńbà iléeṣẹ́, ó tán.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ wa àti tàwọn oníṣòwò àwo ò fi dọ́gba. Lọ́jà òkèèrè, tí wọ́n bá ti fi báírò kọ nǹkan sára àwo, owó ẹ̀ wálẹ̀ nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, báírò yẹn gan-an là ń wá. Àwọn bàbá wa a máa kọ orúkọ wọn sí i, torí àwo tó bá lọ òde àríyá lè má mọ̀nà ilé mọ́. Wọ́n a máa kọ déètì, àti ìlú tí wọ́n ti rà á. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí orúkọ kan tí kì í ṣe ti ẹni tó ni àwo. Ẹ má fọ̀ ọ́ dànù o! Omi àti ọṣẹ díẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi nu ojú àwo yíká, kí omi má kan bébà àárín. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí orin parí sí. Nọ́ńbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n họ sára àwo, ẹ dà á kọ. Bébà lè ya, nọ́ńbà yẹn ò lè ya. Ẹ tò wọ́n nídùúró, kí ooru abẹ́ páànù má bàa ká wọn kò bí ewé.

Àwọn òyìnbó ti ṣáájú wa nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Nigeria 70 tí Strut gbé jáde ní 2001 àti Nigeria Special ti Soundway ní 2008 ló jẹ́ kí àwọn kan nínú wa kọ́kọ́ gbọ́ orin tó wà nílé bàbá wọn. A kì í bú wọn. Àmọ́ èèyàn lè ra àwo ní London. Ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn lálẹ́ ọjọ́ náà, tó mọ afọnfèrè lójú, kò sí lórí àtẹ.

Ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún ní 1965 ti pé 80. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti gbé Èkó, Ìbàdàn tàbí Kano rí kí wọ́n tó padà wálé, wọ́n sì ti jó ní òtẹ́ẹ̀lì tí irú ẹgbẹ́ wọ̀nyí ti ń ṣeré. A máa ń gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bátìrì dání, a kì í sì í dá owó àwo lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A ó kí wọn, a ó jókòó, a ó gbé àwo tiwọn gan-an sí i, a ó dákẹ́. Tí fèrè bá wọlé, ojú bàbá là ń wò, kì í ṣe ẹ̀rọ. Wọ́n á ní, "Ẹ dúró ná, ẹ dá a padà sẹ́yìn." Tí wọ́n bá dárúkọ ẹnìkan, a ó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́, a ó wá lọ gbé àwo kan náà síwájú àgbà mìíràn nílùú kejì, láìsọ nǹkan kan. Tí òun náà bá dá orúkọ yẹn, ìgbà yẹn la tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú àyè òfìfo.