Orí Tí A Fi Fọ́ Àgbọn

Àwọn baba wa a máa wí pé ẹni tí a bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Ẹni tí ó ru ẹ̀bi ọ̀ràn tí ọwọ́ púpọ̀ wà nínú rẹ̀ ni a ń pa òwe yìí mọ́. Ní ẹ̀bá Ìjórà níhìn-ín ni ilẹ̀ tí ó fi ìtumọ̀ rẹ̀ hàn wá wà.

Ní ọdún 1913 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, tí í ṣe ilẹ̀ ẹbí Àmọ́dù Tìjání, Olúwa, ìjòyè onífìlà funfun kan ní Èkó. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ Èkó kò fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ tán, ó wọ ọkọ̀ lọ sí London ní ọdún 1920. Herbert Macaulay bá a lọ, ó sì mú ọ̀pá Elékòó Èṣùgbàyí lọ́wọ́. Àwọn ìwé ìròyìn ibẹ̀ gbé e jáde pé Elékòó ni olórí mílíọ̀nù 17 ènìyàn. Ọ̀rọ̀ yìí bí ìjọba nínú. Wọ́n ní kí ọba rán agogo yí ìlú ká láti sẹ́ Macaulay. Ọba kọ̀. Ní oṣù December ọdún náà, ìjọba wí pé àwọn kò kà á sí Elékòó mọ́.

Ní ọdún 1921 Olúwa jàre ní London, ìjọba sì san £22,500. Ẹbí Olúwa jẹ àgbọn. Orí Elékòó ni a fi fọ́ ọ. Ní ọdún 1925 wọ́n lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Ọdún 1931 ni ó tó padà wá sí Èkó, lẹ́yìn tí àwọn adájọ́ London ti wí pé ilé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ wádìí bóyá lílé tí a lé e bá òfin mu. Ó wàjà ní ọdún 1932.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ọmọ ilé-ìwé, ẹ kíyè sí i: ẹrù tí a dì lé ènìyàn lórí yàtọ̀ sí èyí tí òun tìkára rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ gbé. Ìjọba fi ọ̀nà àbáyọ han Elékòó. Ohùn agogo kan ni ìbá fi bọ́, kí ẹ̀bi náà sì di ti ẹlòmíràn. Ádámù tọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó na ìka sí Éfà. Jónà ni kò tọ̀ ọ́ nínú ọkọ̀. Bí ọmọ bá kùnà ìdánwò, ọ̀gá a na ìka sí olùkọ́, olùkọ́ a na ìka sí ọmọ. Kí ẹnì kan nínú wa kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ gbé e. Àwa tí a sì ń jẹ àgbọn, ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé orí tí a fi fọ́ ọ.